Ibo ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń sọ ohun mìíràn wà?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Báńkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye rẹ̀. Lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn tí wọ́n ń pè ní onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń wọlé, wọ́n ń jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọra: ó máa dun èèyàn fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó ń gbọ́ wọn nínú ọkọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀bù ń bi ara wọn pé ṣé bí gbogbo ẹni tó kàwé ọrọ̀ ajé ṣe ń rò ó nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì sọ ohun tó yàtọ̀, kíá ni wọ́n á ní kò mọ̀wé, tàbí pé ọmọ ẹ̀yìn Marx ni, bíi pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀.

Rárá, gbogbo wọn kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wà. Wọ́n kàwé dé òpin, wọ́n ní jọ́nà tí wọ́n ń gbé ìwádìí wọn jáde sí, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí tí a kì í fi í gbọ́ wọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Kì í ṣe torí pé wọ́n ti jiyàn wọn pa. Ibi tí wọ́n máa jókòó sí láti kọ́ ẹlòmíràn ló ń wọ́n wọn, ibi tí wọ́n bá sì ti rí i, àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé wo ló gbòde?

Bí ọmọ kan bá wọ yunifásítì lónìí láti kọ́ nípa ọrọ̀ ajé, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Boston, ìwé tí wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Neoclassical ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ inú wọn. Ohun tó ń sọ kò ṣòroó lóye: kálukú máa ń ro ohun tó máa ṣe é láǹfààní jù kó tó ṣe é, bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá pàdé tí ẹnikẹ́ni ò dá sí wọn, iye owó á rọra wá ibi tó tọ́ jókòó sí, ohun tó sì ń kan oníkálukú, owó iṣẹ́ ni o, èrè ni o, bá ohun tó mú wá mu. Orí èyí ni wọ́n ń to ìṣirò lé, ìṣirò náà sì ń le sí i bí ọmọ náà ṣe ń gòkè.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ka ẹ̀kọ́ yìí sí irọ́. Ó ṣàlàyé dáadáa ìdí tí tòmátò fi ń wọ́n nígbà òjò, àti ìdí tí àwọn èèyàn fi ń tò sí ilé epo tó bá ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agbára: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni ilé iṣẹ́, ta ló lè sọ pé òun ò ṣe, ta ni kò lè sọ ọ́. Nínú ìwé wọ̀nyẹn, òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jẹ́ ẹni méjì tó jọ ń dúnàádúrà bí ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà. Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ kiri Agége rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo yìí ni ọmọ kà fún ọdún mẹ́rin, ohun tí ìwé náà kàn gbà wọlé láìbéèrè á wá dà bí òótọ́ tí Ọlọ́run dá sójú rẹ̀.

Ta wá ni wọ́n ń pè ní heterodox?

Gbogbo onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí kò gba ìpìlẹ̀ yẹn wọlé bó ṣe wà ni wọ́n kó sábẹ́ orúkọ yìí. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan, wọn kì í sì í fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan tọ ipasẹ̀ John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọjà lè wà nínú àìríṣẹ́ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún láìtún ara rẹ̀ ṣe. Hyman Minsky jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn yìí. Ará Amẹ́ríkà ni, ó kú ní 1996. Ohun tó ń sọ títí ó fi kú ni pé ìgbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé gan-an ni báńkì ń kó ara wọn sínú ewu, torí pé ìgbà náà ni ẹ̀rù kì í bà wọ́n láti yá èèyàn lówó. Àwọn díẹ̀ ló kà á sí. Nígbà tí àwọn báńkì ńláńlá dojú dé ní 2008, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ìwé ìròyìn ń pè.

Àwọn mìíràn ń bojú wo iṣẹ́ ilé. Bí ìyá kan bá ń tọ́ ọmọ mẹ́rin, tó ń dáná, tó ń fọṣọ, ìṣirò ọrọ̀ orílẹ̀-èdè kò ka ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bó bá gba ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sanwó fún láti ṣe iṣẹ́ kan náà, owó ọmọ ọ̀dọ̀ wọ ìṣirò. Nancy Folbre, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní yunifásítì tí a máa tó dé, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bi ìbéèrè yìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń wo ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ọjà iṣẹ́, àwọn kan ń wo ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ tí a ń bà jẹ́ láìsanwó fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọlẹ́yìn Marx wà lára wọn, àmọ́ àwọn nìkan kọ́.

Marx ńkọ́? Ṣé ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ni ìjọba Rọ́ṣíà àtijọ́?

Ìdàrúdàpọ̀ tó pọ̀ jù wà níhìn-ín. Karl Marx, ará Jámánì tó gbé ìlú Lọ́ńdọ̀n títí ó fi kú, gbé apá kìíní ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé jáde ní 1867. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ìjọba Sófíẹ̀tì tó dé ní Rọ́ṣíà. Ìbéèrè tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kò ju ọ̀kan lọ: níbo ni èrè ti ń wá?

Ká ní ilé búrẹ́dì kan wà. Lẹ́yìn tí a bá yọ owó ìyẹ̀fun, ṣúgà, gáàsì àti ti ẹ̀rọ tó ń gbó, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń ṣe lóòjọ́ fi ₦20,000 kún iye ọjà. ₦6,000 ni wọ́n ń fún un. ₦14,000 ṣẹ́kù. Ẹ̀kọ́ tó gbòde á ní ẹ̀san owó tí olówó kó sílẹ̀ àti ewu tó dá lé ni. Marx ní kí á dúró díẹ̀: iṣẹ́ ẹnì kan ló mú àṣẹ́kù yẹn jáde, ẹlòmíràn ló ń kó o, òun náà ló sì ń dá pinnu ibi tó ń lọ, bóyá ẹ̀rọ tuntun ni, bóyá ilé ní Lẹ́kí, bóyá owó tó ń fún olóṣèlú. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń pín in. Orí àlàfo yìí ni ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé Marx ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi í ṣàlàyé ìyanṣẹ́lódì, ìdí tí ẹ̀rọ fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, àti ìdí tí ọrọ̀ ajé fi ń dìde tó sì ń ṣubú.

Èèyàn lè gbà á, ó sì lè má gbà á. Àmọ́ ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe àṣẹ pé kí ìjọba gba ilé iṣẹ́ gbogbo. Stephen Resnick àti Richard Wolff, méjì nínú àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí jù ní Amẹ́ríkà, lo ìbéèrè búrẹ́dì yìí fún ìjọba Sófíẹ̀tì fúnra rẹ̀. Wọ́n rí i pé níbẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ ló ń mú àṣẹ́kù jáde, àwọn ọ̀gá ìjọba ló ń kó o. Wọ́n ní kápítálísíìmù ni, ìjọba ló kàn ń ṣe é.

Kí ló ń mú èrò kan dúró ní yunifásítì?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èrò tó bá jẹ́ òótọ́ á là á já fúnra rẹ̀. Ẹ wo bí iṣẹ́ télọ̀ ṣe ń kọjá láti ọwọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ lo ọdún mélòó kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ télọ̀ wá ṣe ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tó gba fírídọ̀mù. Òun náà ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá tó mọ aṣọ rán ju gbogbo ọ̀gá lọ, bí kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò lè gba ọmọ iṣẹ́, tàbí tí ẹgbẹ́ kò ní í yọjú síbi fírídọ̀mù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á bá a wọlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀ka ìmọ̀ tó láṣẹ láti fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ọmọ iṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Jọ́nà àti àpérò ni ẹgbẹ́, ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ti ń yẹ iṣẹ́ ẹni wò, tí wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ń kọ́ Marx láàárín ọgbọ̀n olùkọ́ tí wọn ò kọ́ ọ kò lè ṣe é. Lọ́jọ́ ìdánwò àbájáde ìwádìí, ta ló máa bá a jókòó yẹ ọmọ rẹ̀ wò? Bí ọmọ náà bá yege, ẹ̀ka wo ló máa gbà á síṣẹ́? Àyàfi kí wọ́n pọ̀ tó láti di ìbò mú.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é ní Amherst?

Ní 1968, ogun Vietnam ń jó, àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Kí wọ́n tó pa Martin Luther King lóṣù Kẹrin ọdún náà, ó ti ń múra ìwọ́de ńlá àwọn tálákà, ó sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan kọ àlàyé tó máa fi ṣiṣẹ́. Samuel Bowles àti Herbert Gintis ti Harvard wà lára wọn. Wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan sọ sí ohun tí King ń béèrè. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi yunifásítì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ann Arbor, ìpínlẹ̀ Michigan. Union for Radical Political Economics ni wọ́n sọ ọ́, URPE ni ìkékúrú rẹ̀, ó sì wà títí dòní. Ní 1969 jọ́nà tirẹ̀ jáde.

Wọ́n ti ní ẹgbẹ́. Wọn ò tíì ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní yunifásítì Amẹ́ríkà, olùkọ́ kékeré máa ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kí àwọn àgbà ẹ̀ka tó dìbò bóyá kó dúró pátápátá tàbí kó máa lọ. Ní Harvard, ìbò náà kò gbe Bowles, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn abẹnugan bíi Kenneth Arrow, Wassily Leontief àti John Kenneth Galbraith wà lẹ́yìn rẹ̀. Yale náà ò dá Resnick dúró. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń wá iṣẹ́ kiri, kálukú ìbá bọ́ sí ẹ̀ka tí òun nìkan á ti máa dá sọ̀rọ̀, a ò bá má gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts tó wà ní ìlú kékeré Amherst ń wá ọ̀nà láti tún ẹ̀ka ọrọ̀ ajé rẹ̀ kọ́. Ní 1973, wọ́n gba márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: Bowles, Gintis, Resnick, Wolff àti Richard Edwards. Lójú mi, "lẹ́ẹ̀kan náà" yìí ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni márùn-ún lè kọ́ odindi ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n lè jókòó ṣe ìdánwò. Wọ́n ní ìbò nínú ìpàdé ẹ̀ka nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹni kẹfà àti ẹni keje.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe, tí mo rò pé òun ló jẹ́ kó pẹ́, ni pé wọn ò lé ẹ̀kọ́ tó gbòde jáde. Ọmọ tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amherst gbọ́dọ̀ mọ ti neoclassical dáadáa, kó sì mọ ti Marx àti ti àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé sísá ni wọ́n ń sá fún ìṣirò. Leonard Rapping, tó ti bá Robert Lucas, abẹnugan ẹ̀kọ́ tó gbòde, kọ iṣẹ́ pàtàkì ní ẹ̀gbẹ́ kejì kí ogun Vietnam tó yí i lọ́kàn padà, wá dara pọ̀ mọ́ wọn.

Wọn ò sì fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn. Bowles àti Gintis ń lọ síbi ìwádìí lórí ìwà èèyàn àti bí a ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n ń jìnnà sí Marx díẹ̀díẹ̀. Resnick àti Wolff dúró ti Marx, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan, láti ibẹ̀ ni jọ́nà Rethinking Marxism ti jáde ní 1988. Àwọn kan rí ìyapa yìí bí àìlera. Èmi rò pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn bá ti ń mi orí kan náà, ohun tí wọ́n ń sá fún ní Harvard ni wọ́n tún kọ́ síbẹ̀.

Ní 1998, Robert Pollin àti Gerald Epstein dá ilé ìwádìí PERI sílẹ̀ níbẹ̀, kí ohun tí wọ́n ń ṣe lè máa kan ìlú. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ibẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Léonce Ndikumana, ọmọ Bùrúńdì, àti James Boyce tọ ipa owó tó ń sá jáde ní Áfíríkà, wọ́n fi í wé gbèsè tí àwọn orílẹ̀-èdè kan náà jẹ. Owó tó jáde ju gbèsè lọ. Ìyẹn ni pé Áfíríkà ni àgbáyé jẹ ní gbèsè, bí a bá kó ohun tó sá lọ mọ́ ìṣirò. Ìyàtọ̀ kan ni pé ìlú ló ń san gbèsè, àwọn ènìyàn díẹ̀ ló ni owó tó sá lọ.

Ṣé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ti ṣe ohun tí gbogbo ayé rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, àwọn gbajúmọ̀ onímọ̀ méjì, gbé ìwádìí jáde lórí gbèsè ìjọba. Wọ́n ní bí gbèsè orílẹ̀-èdè bá ti kọjá ìpín 90 nínú 100 ohun tó ń pèsè lọ́dún, ìdàgbàsókè rẹ̀ máa já lulẹ̀. Nínú tábìlì wọn, àwọn orílẹ̀-èdè tó ti kọjá ògiri 90 yẹn ni ìdàgbàsókè wọn jẹ́ 0.1 nínú 100 sẹ́yìn. Ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ nínú wàhálà 2008 ni. Àwọn olóṣèlú bíi George Osborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paul Ryan ní Amẹ́ríkà àti Olli Rehn ní àjọ ilẹ̀ Yúróòpù di ìwádìí yìí mú bí ìdí láti gé owó ìlú kù. Owó ìlú tí wọ́n ń gé yìí, owó ilé ìwòsàn àti owó olùkọ́ wà nínú rẹ̀.

Ní Amherst, Michael Ash àti Pollin ń kọ́ kíláàsì kan tí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ jẹ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwádìí kan tó ti jáde, kó tún un ṣe, kó wò ó bóyá ohun kan náà ló máa bá. Thomas Herndon, ọ̀kan nínú wọn, mú ti Reinhart àti Rogoff. Ó ṣe é títí, kò bá ohun tí wọ́n bá. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣì í. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ìwádìí, wọ́n sì fi fáìlì Excel wọn ránṣẹ́ sí i.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Orílẹ̀-èdè 20 ló wà nínú fáìlì, láti ìlà 30 dé ìlà 49. Ibi tí wọ́n ti ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ìpíndọ́gba, ìlà 44 ni wọ́n dúró sí. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ti bọ́ sílẹ̀: Ọsirélíà, Ọ́síríà, Bẹ́ljíọ̀mù, Kánádà àti Dẹ́nmáàkì. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn ọdún kan tí gbèsè New Zealand ga, tí ó sì ń dàgbà, kò sí nínú ìṣirò. Ọdún 1951 nìkan, tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ lọ sẹ́yìn gan-an, ló wọlé. Ọdún kan ṣoṣo yẹn sì tẹ̀wọ̀n tó ọdún 19 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí òṣùwọ̀n wọn. Nígbà tí Herndon, Ash àti Pollin tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ìpíndọ́gba tó wà ní òdì 0.1 di 2.2. Oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n gbé e jáde.

Reinhart àti Rogoff gbà pé àṣìṣe wà nínú Excel àwọn. Wọ́n ní síbẹ̀, gbèsè tó ga àti ìdàgbàsókè tó rọ̀ ṣì máa ń rìn pọ̀, àríyànjiyàn lórí ìyẹn kò tíì tán. Àmọ́ ògiri 90 tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ìlú ti ya.

Mi ò rò pé èèṣì ni pé Amherst ni wọ́n ti rí i. Ẹlòmíràn náà lè gbìyànjú láti tún ìwádìí náà ṣe. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀ka tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti lè sọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún pé iyèméjì rẹ tọ́, máa bá a lọ, a wà lẹ́yìn rẹ.

Kí ló ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká?

Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Ní Notre Dame, yunifásítì ìjọ Kátólíìkì ní ìpínlẹ̀ Indiana, ẹ̀ka ọrọ̀ ajé jẹ́ ibi tí èrò ọ̀tọ̀ ti gbilẹ̀. Ní 2003, àwọn aláṣẹ pín in sí méjì. Ẹ̀ka tuntun, tó ń ṣe ẹ̀kọ́ tó gbòde, ni wọ́n fa ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lé lọ́wọ́. Àwọn tó ń sọ ohun mìíràn wà lọ́tọ̀, láìsí ọmọ iṣẹ́. Ní 2010, wọ́n pa ẹ̀ka wọn rẹ́.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1986 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lóòrèkóòrè láti fún ìwádìí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní máàkì, máàkì yìí ló sì ń pinnu owó tí yunifásítì máa gbà. Nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, jọ́nà tó gbòde ni gbogbo èèyàn gbà pé ó ń mú máàkì wá. Bí olórí ẹ̀ka bá ń wá ẹni tó máa rọ́pò ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọlẹ́yìn Marx tó fẹ̀yìn tì, ó mọ irú ẹni tí yunifásítì fẹ́. Ẹnì kan lọ, ẹlòmíràn wọlé, kò sí ariwo. Frederic Lee, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ni ní Leicester, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó ẹ̀rí èyí jọ, ó sì wà lára àwọn tó dá Association for Heterodox Economics sílẹ̀ ní 1999 kí àwọn tó ṣẹ́kù má bàa dá wà.

Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè yí i padà?

Wọ́n ti gbìyànjú, wọ́n sì ti ṣàṣeyọrí níbi kan. Ní Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ bíi Ted Wheelwright àti Frank Stilwell bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní 1975 wọ́n gba kọ́ọ̀sì. Ní 1983, nígbà tí wọ́n rò pé àwọn aláṣẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé gogoro aago yunifásítì náà. Anthony Albanese, tó di olórí ìjọba Ọsirélíà ní 2022, wà lára wọn. Ọdún 2008 ni ẹ̀ka wọn tó dá dúró pátápátá.

Ní Paris, ní 2000, akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé ẹ̀hónú pé ìṣirò tí àwọn ń kọ́ kò kan ayé tí àwọn ń gbé. Ní Manchester, lẹ́yìn tí báńkì ti wó tí Ọbabìnrin Elizabeth pàápàá sì ti béèrè ní London School of Economics pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò rí i tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé dá ẹgbẹ́ Post-Crash Economics sílẹ̀ ní 2012. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀. Ìṣòro wọn ni pé ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, olùkọ́ ń lo ọgbọ̀n. Bí ariwo wọn kò bá mú kí wọ́n gba olùkọ́ tuntun síṣẹ́, bí wọ́n bá ti gboyè lọ, ó tán nìyẹn.

Ilé wa ńkọ́?

A ti ní in rí. Ní ẹ̀ka ọrọ̀ ajé Yunifásítì Ìbàdàn, Ọlá Òní àti Bádé Onimode jọ kọ ìwé kan ní 1975 lórí bí Nàìjíríà ṣe lè gba ọ̀nà sósíálíìsì kọ́ ọrọ̀ ajé rẹ̀. Eskor Toyo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Kálábà. Ọdún 1973 ni wọ́n dá àjọ ìwádìí CODESRIA sílẹ̀ ní Dakar, tí Samir Amin jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́, kí àwọn onímọ̀ Áfíríkà lè ní ibi tí wọ́n ti ń ka iṣẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni 1978 dé. Ìjọba ológun fi kún owó ilé àti oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ ọjọ́ kan kúrò ní 50 kọ́bọ̀ ó di ₦1.50, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bọ́ síta pẹ̀lú orin pé Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ìjọba lé àwọn olùkọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́. Òní àti Onimode wà lára wọn. Harvard dìbò, Notre Dame pín ẹ̀ka, tiwa fi àṣẹ ológun ṣe é. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó gé owó ìjọba kù, dé ní 1986, tí owó yunifásítì gbẹ, tí àwọn olùkọ́ sì ń kó ẹrù lọ sókè òkun.

Àmọ́ ohùn náà kò tíì pa tán nígbà yẹn. Ní 1985, nígbà tí ìjọba Babangida ní kí ará ìlú sọ tẹnu wọn lórí owó tí wọ́n fẹ́ yá lọ́wọ́ IMF, àjọ tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, àwọn onímọ̀ báyìí wà lára àwọn tó ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ohun tó wà nínú àdéhùn náà, ìlú sì kọ̀ ọ́. Ní 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń darí àjọ ọrọ̀ ajé Áfíríkà ti ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ní Addis Ababa, gbé odindi ètò kan jáde láti rọ́pò SAP. Adédèjì kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Marx. Èrò ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ náà ṣáá. Àwọn tó gbọ́ lórí rédíò ní 2023 pé kò sí ọ̀nà mìíràn yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wọn ti kọ ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ lójú ìwé rẹpẹtẹ.

Lónìí, olùkọ́ tó bá ń wá ìgbéga ní yunifásítì wa ń wá jọ́nà òkè òkun tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà. Síbẹ̀ àyè kan ṣí sílẹ̀ tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde ní 2022 fi ìpín 70 nínú 100 sọ́wọ́ àjọ náà, ó fi ìpín 30 yòókù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá fẹ́ kún un. Kọ́ọ̀sì kan lórí ìtàn èrò ọrọ̀ ajé, láti Marx dé Minsky dé Adédèjì, lè wọ inú ìpín 30 yẹn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ Abuja. Ẹ̀ka ni yóò kọ ọ́, Sẹ́nétì yunifásítì ni yóò fọwọ́ sí i, olùkọ́ méjì tó bá mọ iṣẹ́ náà sì tó láti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá lè gba ìkẹta wọlé kí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ̀yìn tì.